Ẹ̀rù Iṣẹ́ Tuntun: Ìgbésí-Ayé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther

Ó ṣeé ṣe kí ọmọ yín kan máa kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ báyìí, tàbí kí ẹ̀yin fúnra yín máa kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, iṣẹ́ katikíìsì, tàbí iṣẹ́ ọwọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan. Ó sì ṣeé ṣe kí ọkàn yín máa sọ fún yín lóròòru pé ẹ kì í ṣe ẹni tí ó lè ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn tí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ dàbí ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n tán. Lójú yín, ẹ̀yin nìkan ni ó kù lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn ọmọ Yorùbá kan tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀. Ìjọ Áńgílíkà ni ó sìn, kì í ṣe Ìjọ Àgùdà, ṣùgbọ́n ohun tí ó fi ẹ̀rù iṣẹ́ tuntun ṣe yóò wúlò fún gbogbo wa.

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí Àjàyí ní Òṣóògùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní ọdún 1821 ogun wọ ìlú náà, a sì kó òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀ lẹ́rú. Láti ọwọ́ olówò kan dé ọwọ́ òmíràn ni a tà á. Nígbà kan, ẹṣin ni a fi í pààrọ̀. Nígbẹ̀yìn ó dé Èkó, níbi tí àwọn Potogí ti kó o sínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon mú ọkọ̀ ẹrú náà lójú òkun, wọ́n sì kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown, ní ilẹ̀ Sàró. Níbẹ̀ ni Àjàyí ti kọ́ ìwé kíkà, tí ó sì kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. A ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1825. Ní ọdún 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay, lẹ́yìn náà ó di olùkọ́.

Ní ọdún 1841 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta lọ sí Odò Ọya, Crowther sì bá wọn lọ. Owó ńlá ni a ná sí ìrìn-àjò náà, síbẹ̀ ibà pa àwọn òyìnbó tí ó ju 40 lọ. Míṣọ́nárì J. F. Schön, tí òun àti Crowther jọ lọ, rí i pé àwọn ọmọ Áfíríkà fúnra wọn ni a gbọ́dọ̀ kọ́ fún iṣẹ́ náà, ó sì dárúkọ Crowther. Ní ọdún 1842 a rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nárì ní Islington, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti lé ní ọmọ 30 ọdún nígbà náà, ó sì ti di baálé ilé. Ní ọdún 1843 ó di díákónì, ó sì di àlùfáà ní ọdún kan náà. Ọdún yìí náà ni a tẹ ìwé rẹ̀ jáde, èyí tí ó kó àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jọ.

Ẹ fi ọkàn bá mi lọ níbi yìí. Ọkùnrin tí ó ti gba oyè àlùfáà, tí ìwé rẹ̀ lórí èdè Yorùbá ti wà lórí àtẹ, ni ó padà dé Freetown tí ó sì dìde láti wàásù ní Yorùbá fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844. Ta ni ì bá rò pé yóò ṣòro fún un? Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀ pé lójú ara òun, òun dàbí ọmọ ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń sọ èdè ìyá rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Fún ogún ọdún, Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti fi gba gbogbo ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Èdè ilé, èdè oko àti èdè ọjà ni Yorùbá jẹ́ fún un nígbà tí a mú un lọ, kò sì sí àlùfáà ọmọ Yorùbá kan nínú ìjọ rẹ̀ tí ó ti ṣe iṣẹ́ náà rí, tí ì bá wò bí àwòkọ́ṣe.

Ẹ̀rù kan wà tí ń lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Òmíràn wà tí ń lé e tọ àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà lọ. Irú kejì ni ti Crowther. Kò sọ̀ kalẹ̀ lórí àga ìwàásù, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ṣe bí ẹni pé ó mọ ohun tí kò mọ̀. Ó wàásù tán, ó sì tún ń bá ìsìn Yorùbá náà lọ.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1845 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ní ìsàlẹ̀ wa níhìn-ín. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá tí ì bá gbà wọ́n, ti kú, ọ̀nà sì ti dí. Nǹkan bí oṣù 18 ni wọ́n fi dúró. Àwa tí a wà ní Ifọ̀nyìntẹ̀dó mọ̀ pé ohùn ilé kan yàtọ̀ sí ohùn ilé kejì, àti pé ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ìwé nìkan kò tí ì gbọ́ Yorùbá tán. Crowther mọ̀ bẹ́ẹ̀. Níbikíbi tí ó bá dé, ó máa ń fetí sí àwọn àgbà, ó máa ń bá àwọn Mùsùlùmí àti àwọn babaláwo jíròrò, a sì máa kọ ọ̀rọ̀ àti òwe tí ó bá jáde lẹ́nu wọn sílẹ̀. Abéèrè kì í ṣìnà.

Ní ọdún 1846 ó dé Abẹ́òkúta. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, obìnrin arúgbó kan wá a wá: Àfàlá ni, ìyá rẹ̀, tí ojú wọn ti kúrò lára ara wọn fún nǹkan bí ọdún 25. Ẹ rò ó wò. Èdè tí ọkùnrin náà gbọ̀n níwájú rẹ̀ ní Freetown ni ó fi kọ́ ìyá tí ó bí i lẹ́kọ̀ọ́ ìgbàgbọ́, a sì ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà ní ọdún 1848. Bí ó bá ti sá fún iṣẹ́ náà lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ẹlòmíràn ni ì bá kọ́ ọ.

Ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ kò tán síbẹ̀. Ní ọdún 1854 ó tún gun Odò Ọya. Lọ́tẹ̀ yìí àwọn òyìnbó tí ó wà nínú ọkọ̀ ń lo oògùn kuiníìnì, ẹnikẹ́ni kò sì kú. Ohun tí gbogbo owó ọdún 1841 kò lè rà, ẹ̀kọ́ tí a rí nínú ìjákulẹ̀ náà ni ó mú un wá. Ní ọdún 1857 iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Onitsha lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ó tún dà níbẹ̀: ó tẹ ìwé ABD kan jáde ní èdè Ìgbò, ṣùgbọ́n Simon Jonas àti J. C. Taylor, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ìgbò, ni ó gbẹ́kẹ̀ lé láti bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1862 ilé rẹ̀ jóná, àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ àti òwe tí ó ti ń kó jọ fún ọdún 11 sì bá iná lọ. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nárì rẹ̀, ní kí ó wá jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ó kọ̀, nítorí ó rò pé òun kò yẹ. Àwọn míṣọ́nárì òyìnbó kan, Henry Townsend nínú wọn, kò sì fẹ́ kí ọmọ dúdú ṣe olórí wọn. Venn rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, tí í ṣe ọjọ́ àjọ̀dún Pétérù Mímọ́ àti Pọ́ọ̀lù Mímọ́, a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ogún ọdún lẹ́yìn èyí, ní 1884, odindi Bíbélì wà ní èdè Yorùbá. Òun ni ó ṣe aṣáájú iṣẹ́ náà.

Ohun kan kù tí ó kan ẹ̀yin ọ̀gá àti olùkọ́. Ní ọdún 1890 àwọn ọ̀dọ́mọdé òyìnbó dé sí Odò Ọya, wọ́n sì ń dá àwọn òṣìṣẹ́ dúdú lẹ́bi pé wọn kò yẹ fún iṣẹ́. Crowther ti lé ní ọmọ 80 ọdún. Ó gbèjà àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi ipò rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ nítorí wọn. Ẹni tí ó rántí ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ dàbí ọmọ ọwọ́ kò lè fi ojú tín-ínrín wo ẹni tí ń kọ́ṣẹ́. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891.

Nítorí náà, ìwọ tí ń kọ́ṣẹ́, má ṣe dúró de ọjọ́ tí ẹ̀rù yóò tán kí o tó ṣe iṣẹ́ rẹ. Padà lọ lọ́la. Ohun tí o kò mọ̀, kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, kí o sì mú un tọ ẹni tí ó ṣíwájú rẹ lọ. Ẹ̀yin òbí àti ọ̀gá, ẹ dá wọn lóhùn pẹ̀lú sùúrù nígbà tí wọ́n bá béèrè. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a rántí gbogbo àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ nínú pàrísì wa nínú àdúrà, kí Ọlọ́run kí ó ṣí etí wọn láti gbọ́, kí ó sì fún wọn ní ìgboyà láti sọ̀rọ̀. Àmín.