Billy Bremner: Àlejò tó di balógun nílùú onílùú

Ẹ̀yin ará wa lókè àti nísàlẹ̀ odò, ẹ̀yin tí ẹ fi ilé sílẹ̀ lọ wá oúnjẹ òòjọ́, ìtàn agbábọ́ọ̀lù kan tó ti kú tipẹ́ ni mo gbé wá lónìí. Billy Bremner lorúkọ rẹ̀. Ìlú Stirling ní Skọ́tílándì ni wọ́n bí i sí, lọ́jọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1942.

Ọmọ náà mọ bọ́ọ̀lù gbá, àmọ́ kò ga. Nígbà tó dàgbà tán pàápàá, ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 5 péré ni. Arsenal yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó ti kéré jù. Chelsea náà kọ̀ ọ́. Leeds United ló gbà á nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1959, ọmọ ọdún 17 ni. Ní oṣù Kìíní ọdún 1960 tó kọ́kọ́ wọ pápá fún wọn, Chelsea yìí kan náà ni wọ́n bá pàdé, Leeds sì nà wọ́n 3-1 nínú ilé wọn. Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Ṣùgbọ́n nǹkan ò rọrùn o. Lọ́dún yẹn gan-an ni Leeds já bọ́ sí ìsọ̀rí kejì. Àárò ilé sì ń sọ ọmọ náà gidi. Ọmọbìnrin tó ń fẹ́ wà ní Stirling, kò rí i. Ó ní òun ń padà sílé. Hibernian, ẹgbẹ́ kan ní Skọ́tílándì, fẹ́ rà á, àmọ́ owó tí Leeds pè ju agbára wọn lọ. Don Revie tó di kóòṣì lọ́dún 1961 náà ò fẹ́ kó lọ. Nígbà tó yá, Bremner gbé ọmọbìnrin náà níyàwó, ọkàn rẹ̀ wá balẹ̀.

Ẹ wá wo èrè ìdúró yẹn. Lọ́dún 1964, wọ́n gòkè padà. Revie fi ọmọ kúkúrú yìí ṣe balógun ikọ̀. Àárín pápá ló máa ń wà, á gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọ̀tá, á pín in fún tiwọn, kò mọ̀ pé ó ń rẹ òun. Wọ́n gba líìgì lọ́dún 1969, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n fìdí rẹmi. Wọ́n tún gbà á lọ́dún 1974. Ife ẹ̀yẹ FA tọdún 1972 ńkọ́? Arsenal tó ní ó kéré ni wọ́n nà.

Ká sòótọ́, inú rẹ̀ máa ń tètè ru. Lọ́dún 1974, òun àti Kevin Keegan ti Liverpool jà ní Wembley, rẹfirí lé àwọn méjèèjì jáde. Lọ́dún 1975, wàhálà kan ṣẹlẹ̀ ní Copenhagen, kò sì gbá bọ́ọ̀lù fún Skọ́tílándì mọ́ láti ìgbà náà.

Bẹ́ẹ̀ kò fìgbà kan gbàgbé orírun rẹ̀. Ìgbà 54 ló wọ aṣọ Skọ́tílándì. Òun ni balógun wọn ní ife àgbáyé ọdún 1974 ní Jámánì. Wọ́n na Zaire, wọ́n ta ọ̀mì pẹ̀lú Brazil àti Yugoslavia. Ẹnikẹ́ni ò nà wọ́n, síbẹ̀ góòlù tí kò tó ló lé wọn wálé. Bọ́ọ̀lù kan tí ì bá jẹ́ góòlù sí Brazil kàn án lẹ́sẹ̀, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá.

Lọ́dún 1976, ó lọ sí Hull City. Ó di kóòṣì Doncaster Rovers, Leeds sì pè é padà kó wá tọ́jú wọn láti 1985 sí 1988. Àìsàn ọkàn ló pa á lọ́jọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1997, ó ku ọjọ́ méjì kó pé ẹni ọdún 55.

Lónìí, ère rẹ̀ ló dúró níta pápá Elland Road ní Leeds. Ọmọ tó fẹ́ sá padà sílé nígbà kan, òun ni àwọn onílùú ń fi han àwọn ọmọ wọn. Ẹni tí àárò ilé ń sọ lọ́dún àkọ́kọ́ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, kó ṣe sùúrù díẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ló ń sọ àlejò di onílé, kò sì ní kí á gbàgbé ilé.