Andrew Foster: Adití tó la ọ̀nà fún àwọn adití ilẹ̀ Áfíríkà

Bí wọ́n bá ń ka àwọn tó gbé àwọn adití ilẹ̀ Nàìjíríà dìde, kò sí bí wọn kò ṣe ní dárúkọ olóògbé Andrew Foster. Ìpínlẹ̀ Alabama, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1925. Awakùsà èédú ni bàbá rẹ̀.

Wọn kò bí Foster ní adití. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí àrùn yírùnyírùn kọlu òun àti ọmọ ìyá rẹ̀ ọkùnrin, tí àwọn méjèèjì kò sì gbọ́ràn mọ́.

Àrùn yìí a máa ba inú etí jẹ́ lọ́hùn-ún, níbi tí iṣẹ́ méjì ti ń lọ. Apá kan ń gba ohùn. Apá kejì ní ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tó tẹ̀, tí omi wà nínú wọn. Ibẹ̀ ni ọpọlọ ti ń mọ̀ bí orí bá yí tàbí tó tẹ̀. Ojú, ẹsẹ̀ àti oríkèé ara ló ń ràn án lọ́wọ́ kí èèyàn má baà ṣubú. Ìdí nìyí tí ẹlòmíràn tí yírùnyírùn sọ di adití fi ń rìn bí ẹni tó mu ẹmu yó, pàápàá nínú òkùnkùn.

Foster kò káwọ́ lérí. Lọ́dún 1954, òun ni aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ghana lọ́dún 1957, ó sì dá ti Ìbàdàn sílẹ̀ lọ́dún 1960. Ilé ẹ̀kọ́ tó dá sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà lé ní 30 kí ọkọ̀ òfuurufú tó já lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní Rwanda, lọ́jọ́ kẹta oṣù Kejìlá, ọdún 1987.

Àrùn ló gba etí Foster, kò sì sí ohun tó lè ṣe sí i. Ti àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá Ìkẹjà, Ọ̀gbà àti Agége kò rí bẹ́ẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ tó kọjá ìwọ̀n 85 décibel fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ lè pa irun tíntìntín inú etí, kì í sì í hù mọ́. Abẹ́rẹ́ gentamicin àti streptomycin náà lè ba ìgbọ́ràn àti ìdúró jẹ́, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà á láìsí àṣẹ dókítà. Kí òṣìṣẹ́ máa dí etí rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Bí etí bá ń hó tàbí tí òòyì ń kọ́ni, kí ó tètè lọ sílé ìwòsàn. Ọmọ tó bá sì ti di adití, ilé ẹ̀kọ́ ló yẹ ẹ́, kì í ṣe kọ̀rọ̀ yàrá.