Frank Hornby, bàbá àwọn kamiọ́n kékeré

Ẹni tó bá dúró lẹ́bàá títì ní Parakou níbí, níbi tí àwọn kamiọ́n Cotonou ti ń kọjá lọ sí Malanville, á rí àwọn ọmọdé tó ń fa kamiọ́n tí wọ́n fi agolo sadíìnì ṣe. A máa ń rẹ́rìn-ín, a sì ń bá tiwa lọ. Ọkùnrin kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó mú irú eré yìí ní iṣẹ́ gidi.

Frank Hornby lorúkọ rẹ̀. Liverpool ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1863. Ọmọ ọdún 16 ló ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Kì í ṣe ẹnjiníà rárá, akọ̀wé tó ń ṣírò owó lọ́dọ̀ oníṣòwò ẹran ni. Ní nǹkan bí 1899, ó ń gé irin pẹlẹbẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì, ó ń lu ihò sí i, ihò kan kò jìnnà sí èkejì ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ ò rí i, nítorí ihò yẹn, irin tó jẹ́ afárá lónìí lè di ẹ̀rọ tó ń gbẹ́rù lọ́la. Ọgbọ́n rẹ̀ gan-an nìyẹn, àwa olùkọ́ la sì yẹ kó kọ́kọ́ yé. Ọ̀gá rẹ̀, Elliott, ló yá a ní pọ́n-ùn 5 tó fi gba brevet ní 1901. Lọ́dún 1907, ó sọ ọ́ ní Meccano.

Ó ṣe rélùwéè kékeré ní 1920. Ṣùgbọ́n rélùwéè nìkan kò dùn wò, títì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ìparí 1933, ó gbé ọkọ̀ kékeré mẹ́fà jáde, kamiọ́n kan wà nínú wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n di Dinky Toys. Hornby kú ní 1936. Lẹ́yìn rẹ̀, ilé iṣẹ́ Bobigny, lẹ́bàá Paris, ṣe àwọn Berliet tí àwọn bàbá wa mọ̀, títí kan èyí tó ń la Sàhárà kọjá. Ti Liverpool ti ilẹ̀kùn ní 1979.

Àgbàlagbà ló ń kó wọn jọ báyìí. Ní 2008, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan láti ìgbà ayé àtijọ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pọ́n-ùn 20 000. Ohun kan ṣáà ń ká wa lára: èyí tí ọmọ fi ṣeré títí ọ̀dà fi bó, owó rẹ̀ kéré, èyí tí ọwọ́ ọmọ kò kàn nínú páálí rẹ̀ ló wọ́n. Àti pé ìpamọ́ náà kò gba gbogbo wọn là. Òjé díẹ̀ ló bọ́ sínú irin àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú ogun. Wọ́n ń sán fúnra wọn nínú páálí, díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n á fi rún.