Fechner: Ẹni tó ba ojú ara rẹ̀ jẹ́ kó tó kọ́ wa bí ojú ṣe ń ríran

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, tí ẹ bá fi fọ́tò aṣọ ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí WhatsApp, ẹ̀rọ máa ń dín fọ́tò náà kù kó lè tètè dé, kó má sì jẹ mẹ́gà púpọ̀. Ta ló wá ń sọ bóyá fọ́tò náà ṣì dára? Ojú ènìyàn ni. Ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ wá ọ̀nà láti wọn ohun tí ojú ń rí ni Gustav Fechner, ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Ìtàn rẹ̀ la mú wá lónìí.

Ọdún 1801 ni wọ́n bí i. Pásítọ̀ ni bàbá rẹ̀, àmọ́ ó kú nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré. Fechner kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní ìlú Leipzig, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ físíìsì níbẹ̀ lọ́dún 1834.

Ó fẹ́ mọ ìdí tí àwọ̀ fi máa ń kù sí wa lójú lẹ́yìn tí a bá wo ìmọ́lẹ̀ tán. Ló bá ń fi gíláàsì aláwọ̀ wo oòrùn. Ibẹ̀ ni jàǹbá ti bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1840, ojú rẹ̀ kò gba ìmọ́lẹ̀ mọ́. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ń gbé inú yàrá tó ṣókùnkùn. Ọdún 1843 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn.

Síbẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ ojú sílẹ̀. Lọ́dún 1860, ó gbé ìwé ńlá kan jáde, níbi tó ti mú iṣẹ́ Ernst Weber, tí òun náà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Leipzig, tẹ̀síwájú. Ẹni tó ru igbá kékeré, tí a bá fi máńgòrò kan kún un, á mọ̀. Ẹni tó ru àpò àgbàdo kò ní mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú: fìtílà kan tí a tàn kún ẹyọ kan hàn kedere, àmọ́ tí a bá tàn án kún ọgọ́rùn-ún, agbára káká ni ojú á fi mọ̀ ọ́n. Fechner fi ìṣirò sí i, ó sì kọ́ni bí a ṣe ń bi ènìyàn léèrè léraléra ká tó gba ohun tí wọ́n rí gbọ́.

Ó kú ní Leipzig lọ́dún 1887. Nígbà tí ọ̀nà JPEG tí a fi ń dín fọ́tò kù jáde lọ́dún 1992, irú ìmọ̀ yìí ni wọ́n lò: ohun tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí ni wọ́n ń yọ dànù. Títí dòní, wọ́n ṣì ń kó ènìyàn jọ láti wo fọ́tò, kí wọ́n sì fún un ní máàkì. Ẹ̀rọ náà ń ṣírò, àmọ́ ojú ènìyàn ni wọ́n fi ń yẹ ìṣirò ẹ̀rọ wò.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníṣòwò, kí ẹ tó gba owó, ẹ bi oníbàárà bóyá ó rí àwọ̀ aṣọ náà dáadáa. Ojú rẹ̀ ni adájọ́.