Boro Kó Tó Di Ṣọ́jà

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́, gbogbo wa la mọ Isaac Boro Park ní Port Harcourt níbí, àmọ́ ṣé a mọ ẹni tó ni orúkọ náà? Ọmọ Ìjọ́ ni. Wọ́n bí i ní 1938 ní Oloibiri, níbi tí wọ́n ti rí epo rọ̀bì ní 1956. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe ọlọ́pàá, ó sì lọ sí yunifásítì ní Nsukka.

Inú ń bí i pé epo ń jáde nílẹ̀ wọn, ìyà ló ń jẹ wọ́n. Ló bá kó bíi 150 ọ̀dọ́ wọ igbó Taylor Creek, ó ń kọ́ wọn níṣẹ́ ogun. Nínú ẹrẹ̀ o! Àwa sì ń ráhùn tí wọ́n bá jí wa sáré ní ìdájí. Èmi rò pé iṣẹ́ ọlọ́pàá tó ti ṣe ló ràn án lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ 23, oṣù Kejì, 1966, wọ́n kéde orílẹ̀-èdè tiwọn. Ọjọ́ 12 péré ló tán. Wọ́n dájọ́ ikú fún un, àmọ́ Gowon dárí jì í ní 1967. Ìgbà yẹn ló wá wọ ṣọ́jà gan-an, ó di Mejọ lábẹ́ Benjamin Adekunle, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́.

Ó kú sójú ogun nítòsí Okrika ní oṣù Karùn-ún 1968, oṣù tí ìjọba àpapọ̀ gba Port Harcourt. Ọmọ ọdún 29 ni.