Mary Kingsley àti Igbó Ńlá

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ilé-ìwé ni kò ka igbó sí nǹkan kan bí kò ṣe ibi iṣẹ́ àti ibi ẹ̀rù. Bí ọmọ Ute kan bá bá baba rẹ̀ dé oko ní ọjọ́ ìsinmi, ọ̀nà ilé ni yóò máa wò láti òwúrọ̀: ìrì a mú un lẹ́sẹ̀, kòkòrò a máa ta á, ẹ̀rù ejò a sì máa bà á. Obìnrin kan wà rí tí ó ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù wá sí irú igbó bẹ́ẹ̀, tí ó sì fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn. Mary Kingsley ni orúkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 1862 ni a bí i. Oníṣègùn àti arìnrìn-àjò ni baba rẹ̀. Ó sì máa ń pẹ́ ní òkèèrè kí ó tó fojú kan ilé. Ìyá rẹ̀ jẹ́ aláìlera, Mary ni ó sì ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n rán àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lọ sí Yunifásítì Cambridge, ṣùgbọ́n wọn kò fi Mary sí ilé-ìwé kankan. Nínú àwọn ìwé baba rẹ̀ ni ó ti kọ́ ara rẹ̀. Báyìí ni ó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún láìmọ ayé ju iyàrá aláìsàn lọ. Ní ọdún 1892, baba àti ìyá rẹ̀ kú láàárín oṣù díẹ̀ síra wọn.

Mary pinnu láti wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kí ó lè mọ àṣà àwọn ènìyàn ibẹ̀, kí ó sì kó ẹja inú odò jọ fún àwọn onímọ̀. Àwọn tí ó bi léèrè sọ fún un pé ikú ni ó ń lọ pàdé. Kò gbọ́. Ó wọ ọkọ̀ ní ọdún 1893, ó padà sílé, ó sì tún gbéra ní òpin ọdún 1894. Ní ìrìn-àjò kejì yìí, ó dé Kàlàbá, ó sì tẹ̀ síwájú dé odò Ogowé ní ilẹ̀ Gabon, níbi tí igbó ti dí kìjikìji.

Àwọn àgbà a máa sọ pé ẹni tí ó bá rìn jìnnà ni í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òyìnbó ti rìn jìnnà ṣáájú Mary tí wọn kò rí ju ibà àti ẹ̀fọn lọ. Òun pẹ̀lú, nígbà tí ó kọ́kọ́ wọ igbó ńlá, kò rí ju igi gàgàrà tí ó dúró bí òpó nínú òkùnkùn. Kò kánjú. Bí ó ti ń rìn lójoojúmọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ ilẹ̀ náà, ojú rẹ̀ ń là díẹ̀díẹ̀, ó sì ń rí ejò, kòkòrò, àdán àti ẹranko níbi tí ó ti rò pé kò sí ohun alààyè kankan. Igbó náà wà bí ó ti wà. Ojú Mary ni ó di ọ̀tun.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí pẹ̀lú odò. Nígbà tí ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti tukọ̀, ìṣàn omi ń gbé e síbí sọ́hùn-ún. Kò jáwọ́, títí ó fi lè dá ọkọ̀ ojú omi tù. Lẹ́yìn náà, ohun méjì péré ni ó ń fi yangàn: pé onímọ̀ ẹja kan ní Lọ́ńdọ̀nù yin àwọn ẹja tí ó kó wá, àti pé òun lè tu ọkọ̀ lórí odò Ogowé. Orúkọ rẹ̀ wà lára irú ẹja mẹ́ta títí di òní.

Ewu kò ṣàì sí. Ọ̀nì kan gbìyànjú láti gun ọkọ̀ rẹ̀, ó sì fi àjẹ̀ gbá a ní imú. Ní ọjọ́ mìíràn, ó já sínú ọ̀fìn tí a fi igi ṣóńṣó sí nísàlẹ̀ fún ẹranko. Síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí ó nípọn ni ó gbà á, àwọn ará Fang tí wọ́n ń bá a rìn sì fà á jáde. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1895, ó gun Òkè Kamẹrúùnù, tí ó ga ju 13,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Àwọn tí ó bá a lọ ti rẹ̀ lẹ́yìn. Òun nìkan ni ó dé ṣóńṣó, kùrukùru kò sì jẹ́ kí ó rí ohunkóhun nísàlẹ̀.

Ìwé tí ó kọ nípa ìrìn-àjò rẹ̀ jáde ní ọdún 1897, ó sì fi yé àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ pé àṣà àwọn ènìyàn dúdú ní ìdí. Ní ọdún 1900, ó lọ tọ́jú àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun ní Gúúsù Áfíríkà. Níbẹ̀ ni ibà taifọ́ọ̀dù ti mú un, ó sì kú ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà, ní ọmọ ọdún 37. Gẹ́gẹ́ bí ó ti fẹ́, inú òkun ni a sin ín sí.

Ẹ̀yin ọmọ, èyí kò wí pé ejò kì í bu ènìyàn jẹ, tàbí pé odò kì í gbé ènìyàn lọ. Ẹ ṣọ́ra, ṣùgbọ́n ẹ la ojú yín. Nígbà tí ẹ bá ń bá àwọn òbí yín lọ sí oko, ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ igi, ẹyẹ àti ewé, kí ẹ tó béèrè ìgbà tí ẹ ó padà sílé. Igbó ń tán lọ ní ilẹ̀ wa, títí kan agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀. Ohun tí a kò bá mọ̀, a kò lè fẹ́ràn rẹ̀. Bí ó bá sì parun, a kò ní mọ̀ pé ohun kan ti bọ́ lọ́wọ́ wa.