Henry Darcy, Ẹni tó Fi Iyanrìn Wádìí Ìrìn Omi

Ẹni tó bá ti gbẹ́ kànga rí ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé omi kì í dúró lójú kan lábẹ́ ilẹ̀. Inú iyanrìn ló ń gbà rìn. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan ló fi ìṣirò sọ bó ṣe ń rìn: Henry Darcy, tí wọ́n bí ní ìlú Dijon lọ́dún 1803.

Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ò jẹ́ kó fi ìwé sílẹ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà ní Paris, ó sì padà sílé. Omi ìlú Dijon ò dáa rárá nígbà yẹn. Darcy fa omi wá láti orísun Rosoir, ọ̀nà tó lé ní kìlómítà 12, omi sì dé ìgboro ní 1840. Kò gba owó iṣẹ́ o! Àmì ẹ̀yẹ góòlù ni wọ́n fún un. (Mélòó nínú wa ló lè ṣe bẹ́ẹ̀?)

Nígbà tó yá, àìlera mú un fi iṣẹ́ sílẹ̀. Dípò kó sinmi, ó ki iyanrìn sínú páìpù irin kan tó dúró gbọnrangandan, ó ń jẹ́ kí omi gba inú ẹ̀ kọjá, ó sì ń wọn iye tó ń jáde nísàlẹ̀. Ó rí i pé bí agbára tó ń ti omi bá di ìlọ́po méjì, omi tó ń jáde náà á di ìlọ́po méjì. Bí iyanrìn bá nípọn sí i ní ìlọ́po méjì, omi á dín sí ìdajì. Irú iyanrìn náà tún ń dá sí i. Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1856. Òtútù àyà pa á ní 1858.

Kí ló kan àwa? Gáàsì ni ilé iṣẹ́ amúnáwá Egbin, ní Ìkòròdú wa níbí, ń jó, carbon dioxide ló sì ń tú sójú ọ̀run. Àwọn ará Norway ti ń rọ carbon dioxide sínú òkúta oníyanrìn lábẹ́ òkun ní Sleipner láti 1996. Ó fúyẹ́ ju omi iyọ̀ tó wà níbẹ̀ lọ, nítorí náà ó ń gòkè títí tó fi kan òkúta líle tí kò jẹ́ kó kọjá, á wá tàn kálẹ̀ lábẹ́ ẹ̀. Báwo ló ṣe máa jìnnà tó? Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ìṣirò yẹn: wọ́n á pín òkúta náà sí àpótí kéékèèké, òfin Darcy, tí wọ́n ti fẹ̀ kó lè gba omi àti gáàsì pọ̀, á sì sọ iye tó ń ti àpótí kan bọ́ sí èkejì. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ri èéfín Egbin mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìṣirò yìí la máa kọ́kọ́ bi í, torí omi kànga wa wà lábẹ́ ilẹ̀ yìí kan náà.